Ilé Tuntun Lẹ́bàá Igbó Ọba: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Béèrè Kí A Tó Fọwọ́ Sí I?

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Bauchi níhìn-ín, àgbà tàbí ọ̀dọ́, tí kò ní in lọ́kàn pé òun yóò kọ́ ilé sí ìlú òun kí ọjọ́ alẹ́ tó dé. Ilé làbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó ti ń ṣòwò ní Òkè Ọya láti ogójì ọdún, tí ó tọ́ ọmọ yanjú, tí kò sì jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè owó oṣù, kò ṣẹ̀ bí ó bá ń wá ibi tí yóò fi orí lé nígbà ogbó rẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a lòdì sí ilé kíkọ́. Ibi tí a ń kọ́ ọ sí nísinsìnyí ni ó ń kọ wá lóminú, àti bí a ti ń yára fọwọ́ sí i.

Ilẹ̀ ìlú ti gbówó lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì kan ní àárín Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìbàdàn lónìí yóò rí i pé owó tí òun fi ọdún mẹ́wàá kó jọ kò tó nǹkan. Èyí ni ó fà á tí àwọn ará ilé fi ń ránṣẹ́ sí wa pé, “Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ kan wà lẹ́bàá igbó ọba. Ó tẹ́jú, odò kò jìnnà sí i, kò sì sí ẹni tí ó ń lò ó. Ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.” Lẹ́yìn owó, wọ́n tún ń béèrè ìwé: kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹgbẹ́ níhìn-ín náà sì kọ lẹ́tà pé ọmọ wa ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, kí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà fún un láìsí wàhálà. A wí pé kí a dúró ná. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, ẹ jẹ́ kí a mú igbó kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ rẹ̀. Igbó Ọba Omo wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì bá igbó ọba Oluwa ti ìhà Òǹdó àti Shasha ti ìhà Ọ̀ṣun pààlà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Ìjẹ̀bú, ó kan Òǹdó, ó kan Ifẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ J4 tí a máa ń gbọ́ ní ìhà ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ́ jẹ́ orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó fún apá kan nínú igbó náà. Ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ní 1925, nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, ni a yà á sọ́tọ̀. Ní 1946 a tún ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àáké kan igi níbẹ̀. Ní 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò.

Ṣùgbọ́n igbó náà kò rí bí ó ti rí mọ́. A ti gé gẹdú níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba gbin igi mẹ́línà sí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ nítorí àtifi ṣe bébà, oko kòkó sì ti wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà. Ògidì igbó tí ó kù kò pọ̀. Inú ìwọ̀nba tí ó kù yìí ni erin wà. Ibẹ̀ ni ìnàkí wà, àti irú ọ̀bọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé ju Nàìjíríà, Benin àti Togo lọ. Bí a bá rí erin, kí a wí pé a rí erin. Kí a má ṣe wí pé ilẹ̀ tí erin ń gbé jẹ́ ilẹ̀ tí kò ní olùgbé.

Erin igbó yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú erin ọ̀dàn tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín ní Yankari. Ní 2021, àjọ IUCN tí ó ń ṣọ́ iye ẹranko tí ó kù láyé ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ó sì ka erin igbó mọ́ àwọn ẹranko tí ó súnmọ́ ìparun jù lọ. Oṣù 22 ni erin fi ń lóyún, ọmọ kan ni ó sì máa ń bí, àfi bí ó bá ṣèèṣì bí ìbejì. Ẹni tí ó bá pa abo erin kan lónìí ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé erin ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ó máa ń gbé èso àpọ̀n àti èso igi ńláńlà mìíràn mì, yóò sì yà á sí ibi tí ó jìnnà sí ìdí igi náà, ibẹ̀ ni igi tuntun yóò ti hù. Olóko tí kò gba owó oṣù ni.

Wàyí o, kí ni ilé kan ṣoṣo lè ṣe fún igbó tí ó tóbi tó báyìí? Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi wá nìyẹn, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ilé kan kì í dá wà. Ẹni tí ó kọ́ ilé fẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ simẹ́ńtì yóò gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ simẹ́ńtì gbà náà ni ọkọ̀ agẹdú yóò gbà lọ́la, òun náà ni ọlọ́kadà tí ó gbé ọdẹ yóò gbà ní òru. Onílé yóò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì jẹ́ ohun tí erin lè gbọ́ òórùn rẹ̀ láti òkèèrè. Yóò mú ajá wá, ajá yóò máa lé ẹtu àti àgbọ̀nrín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò sun pàǹtí, atẹ́gùn yóò sì gbé iná náà lọ sí ibi tí kò rán an. Kí ọdún méjì tó pé, ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún un yóò ti ta èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, yóò sì máa fi ilé àkọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ pé, “Ẹ kò ha rí i pé a ti gbà fún lágbájá?” Lẹ́yìn náà ni a óò wá ilé ìjọsìn, a óò wá ọjà, a óò sì wá ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ó jókòó ní ọjọ́ kan tí ó pinnu pé kí a pa igbó náà run. Ilé àkọ́kọ́ ni a fọwọ́ sí, àwọn tí ó kù tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó kan àwa ará Òkè Ọya ju ẹnikẹ́ni lọ. A kì í sábà gbé inú ilé tí a kọ́. Onílé wà ní Bauchi, ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá igbó. Ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá ni yóò rí i, ìyẹn bí owó ọkọ̀ bá gbà. Ta ni yóò máa gbé ibẹ̀ ní oṣù mọ́kànlá tí ó kù? Aṣọ́lé tí a ń san owó kékeré fún ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹran ìgbẹ́ pamọ́ tàbí kí ó to pákó tí kò ní ìwé jọ yóò bá aṣọ́lé náà sọ̀rọ̀, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ọlọ́pàá yóò sì bá lára ilé. Ilé tí a fi òógùn ojú kọ́ yóò di àgọ́ fún iṣẹ́ tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí erin àti ènìyàn ń ṣe fún ara wọn nígbà tí ààlà bá sún mọ́ra kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé Bauchi. Ní 1956 ni a ya Yankari sọ́tọ̀ fún ẹranko, ní 1962 a ṣí i fún àlejò, ní 1991 ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ní 2006 ó sì padà sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Bauchi. 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin ni. Síbẹ̀, nítorí pé oko ti dé ẹnu ààlà rẹ̀, erin a máa jáde wọ oko àwọn ènìyàn nígbà tí irè bá ti gbó. Àgbẹ̀ tí ó bá ti rí erin nínú ọkà bàbà rẹ̀ ní òru kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Òru kan péré tó láti ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Bí ó bá rí báyìí ní Yankari, níbi tí igbó àti oko ṣì yàtọ̀ síra, báwo ni yóò ti rí ní Omo, níbi tí oko ti wọ inú igbó? Ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ kì í sọ èyí fún ẹni tí ó ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti òfin, nítorí ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ní ti ilẹ̀ oko, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ àtilò ó. Ṣùgbọ́n igbó ọba ti kúrò nínú ilẹ̀ tí ẹbí kan lè pín tà. Rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ kọ, bí ó tilẹ̀ ní òǹtẹ̀, tí ẹlẹ́rìí mẹ́rin sì fọwọ́ sí i, kò lè sọ igbó ọba di púlọ́ọ̀tì. Bí ìjọba bá wó ilé tí a kọ́ síbẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tí a lè fi rìsíìtì náà dá lóhùn. Ẹni tí ó ta á yóò ti ná owó tán. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ náà fi pọ́ọ́kú. Ilẹ̀ tí ó pọ́ọ́kú lójijì ní ibi tí ohun gbogbo wọ́n, ó ní ohun tí a kò tíì sọ nípa rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé ẹranko wá ju ènìyàn lọ ni?” A kò fi ènìyàn wé ẹranko. Ohun tí a ń wí ni pé ènìyàn ní ibòmíràn tí ó lè kọ́lé sí. Ó lè kọ́ ọ sí àgbàlá baba rẹ̀, ó lè kọ́ ọ sí abúlé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ó lè ra ìdajì púlọ́ọ̀tì nínú ìlú. Erin Omo kò ní igbó mìíràn tí yóò lọ. Síwájú sí i, ènìyàn náà ni yóò kọ́kọ́ jìyà bí a bá kọ́lé sí ojú ọ̀nà erin, nítorí pé erin lè pa ènìyàn, kì í sì í béèrè ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, “Àwọn baba wa ni ó ni igbó náà kí ìjọba tó gbà á.” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn Òyìnbó pa ààlà sórí ilẹ̀ tí ó ní onílẹ̀, àwọn abúlé sì wà nínú igbó wọ̀nyí kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹbí kan bá rò pé a rẹ́ àwọn jẹ, kí àwọn àgbà wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba ní ọ̀sán gangan, a óò sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gé ilẹ̀ náà wẹ́wẹ́, tí ó ń tà á fún ará Bauchi, fún ará Kano àti fún ará Jos, kò gba ilẹ̀ baba rẹ̀ padà. Ó ti tà á nù, ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí ìkan ṣoṣo gbà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sì tún wí pé àwọn agẹdú ni ó ba igbó jẹ́, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ibi àwọn agẹdú tí kò ní ìwé pọ̀ ju ti onílé kan lọ. Ṣùgbọ́n onílé ni ó ń bá wọn la ọ̀nà, a sì ti wí èyí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń bínú sí agẹdú kò gbọdọ̀ la ọ̀nà fún un.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn. A kò wí pé kí a lé àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ni ó ti gbé ibẹ̀ pẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn ọmọ wọn sí. Àwa kọ́ ni a ó máa pariwo pé kí a lé àlejò. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sì fi ọjà àti ilé sílẹ̀ padà wálé ní ọwọ́ òfo. Ẹbí tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn kò tíì gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, kí ìjọba bá àwọn tí ó wà nínú igbó jókòó, kí wọ́n fi ààlà sí ibi tí oko wọn dé, kí a sì fún wọn ní àyè láti gbé ní àlàáfíà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé tuntun ni tiwa. Ẹni tí kò tíì kọ́lé ni a ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé kò tíì pàdánù nǹkan kan.

Nígbà náà, kí ni ó yẹ kí àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé béèrè? Ní ti inú igbó ọba, kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀: rárá ni ìdáhùn, bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tilẹ̀ jẹ́ alága ẹgbẹ́. Ní ti ilẹ̀ tí ó wà lóde ààlà ṣùgbọ́n tí ó súnmọ́ ọn, a dábàá ìbéèrè márùn-ún.

Èkínní, ṣé òde ààlà ni ó wà lóòótọ́? Kí a má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Kí sọ̀fíyọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí a sì fi ìwé sọ́fè náà wé máàpù ìjọba ní ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀-Jẹ́nẹ́rà ìpínlẹ̀. Kí ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó igbó náà sì kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó ọba kò dé ibẹ̀.

Èkejì, ǹjẹ́ ojú ọ̀nà ẹranko ni? Àwọn ọdẹ àgbà àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, tí a ń pè ní fóréstà, mọ ibi tí erin ń gbà lọ sí odò. Kí a bi wọ́n nígbà òjò, kí a sì tún bi wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ọ̀nà tí ẹranko ń tọ̀ lè yàtọ̀ ní àsìkò méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, ṣé a óò la ọ̀nà tuntun? Bí ilé náà bá wà nínú abúlé tí ó ti ní ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ewu rẹ̀ dín kù. Bí ó bá jẹ́ pé a ní láti la ọ̀nà gba inú igbó kí a tó débẹ̀, kí a má ṣe fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, mélòó ni yóò tẹ̀ lé e? Kí olórí ẹbí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé kan yìí ni, a kò ní gé púlọ́ọ̀tì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ó ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀karùn-ún, ta ni yóò gbé inú rẹ̀, báwo ni yóò sì ti gbé e? Kí onílé gbà pé òun kò ní jẹ́ kí ajá máa rìn gbéregbère, pé òun yóò ro àyíká ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí iná má baà ráyè, pé òun kò ní da pàǹtí sí etí igbó, pé òun kò sì ní gba ọdẹ tàbí agẹdú sí àgbàlá. Kí ó fi orúkọ aṣọ́lé rẹ̀ lé baálẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè márààrún, kí a bá a yọ̀, kí a sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọn, ìfẹ́ ni a fi hàn án bí a bá wí pé rárá fún un, nítorí pé owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè fi ra ilẹ̀ tí kò ní mú kí ó máa ta gìrì lójú oorun.

A rọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, kí a sì fi ṣe ìlànà pé a kò ní kọ lẹ́tà kankan fún ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ tí ó súnmọ́ igbó ọba títí a óò fi rí ìwé sọ́fè àti ìwé ọ́fíìsì igbó. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ ará ìlú kan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ láti ra ilẹ̀ kan pọ̀ nínú ìlú, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ohun tí ẹnì kan kò lè rà nílùú, ènìyàn mẹ́wàá lè rà á.

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Bauchi yìí ti rí erin ní Yankari, wọ́n sì ń béèrè bóyá erin wà ní ilẹ̀ baba wọn pẹ̀lú. Lónìí a ṣì lè dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ tí a fi ń fọwọ́ sí ìwé ṣọ́ ìdáhùn náà. Ọlọ́run yóò mú olúkúlùkù wa dé ilé tirẹ̀ ní àlàáfíà, yóò sì jẹ́ kí a bá ilé náà lórí ìdúró.